Abobo, Abidjan: Báwo ni sísan owó ọjà ṣe kúrò nínú ìwé gbèsè bọ́ sórí fóònù?

Ní oṣù kejì ọdún 2011, àwọn báǹkì ńlá tó wà ní Abidjan bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Owó wà nínú àkáǹtì, àmọ́ kò sí ẹni tó lè rí i gbà. Oníṣòwò tó gba ìrẹsì láwìn kò rí owó san. Ẹni tó kó ìrẹsì fún un náà kò rí owó fún awakọ̀ tó gbé ọjà wá.

Ìjà lórí ìdìbò ààrẹ tó wáyé ní oṣù kọkànlá ọdún 2010 ló fà á. Laurent Gbagbo kọ̀ láti gbé ìjọba sílẹ̀ fún Alassane Ouattara, àwọn tó ń ṣe ìjọba Gbagbo sì gba àwọn ẹ̀ka báǹkì àpapọ̀ ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, BCEAO, tó wà ní orílẹ̀èdè náà.

Abobo, tó wà ní àríwá Abidjan, wà lára àwọn ibi tí ìjà náà ti le jù. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta ọdún 2011, wọ́n yìnbọn pa obìnrin méje tó ń ṣe ìwọ́de níbẹ̀. Ọsẹ̀ méjì lẹ́yìn èyí, àdó olóró já bọ́ sínú ọjà àdúgbò náà. Àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé ní ó kéré tán, èèyàn 25 ló kú.

Nínú irú ìdààmú bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ sísan gbèsè ọjà lè dà bí ohun kékeré. Àmọ́ tí sísan owó bá dúró, ọjà kì í dé, tí ọjà kò bá sì dé, ebi ló kàn. Ìdí nìyí tí ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ń bi ara wọn lónìí, bóyá kí ẹ̀rọ máa bá wọn san owó tí wọ́n jẹ àwọn tó ń kó ọjà fún wọn, fi ju ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà lásán lọ.

Nígbà tí owó ẹyọ ṣì ń ṣe ìná

Kí owó bébà tó dé, owó ẹyọ ni Yorùbá ń ná. Ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta irú okùn bẹ́ẹ̀ jẹ́ ẹgbàá, ìyẹn 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá ló sì ń kún àpò kan, ìyẹn 20,000, tí wọ́n ń pè ní ọ̀kẹ́. Ibẹ̀ ni a ti rí i tí a fi ń pe mílíọ̀nù kan ní àádọ́ta ọ̀kẹ́ títí dòní.

Kíka owó yìí ń gba àkókò, ó sì wúwo lórí aláàárù. Àmọ́ ó ní àǹfààní kan: ẹni tó ń san àti ẹni tó ń gbà jọ jókòó síbi kan náà, ẹlẹ́rìí sì wà níbẹ̀.

Ẹni tí kò bá san gbèsè mọ ohun tó ń bọ̀. Olówó lè rán ológò lọ dógò tì í nílé títí yóò fi san án, ó sì lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà.

Ìwé kékeré inú dúrọ́ọ̀

Àwọn ọmọ Yorùbá, pàápàá àwọn tó wá láti Ẹjígbò àti Ògbómọ̀ṣọ́, ti ń ṣòwò ní Côte d'Ivoire láti ìgbà tí Faransé ń ṣàkóso ibẹ̀. Anango ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè wọ́n. Ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tó ti Abidjan lọ sí àríwá, tó dé Bobo-Dioulasso ní ọdún 1934, gba Abobo kọjá. Títí di òní, Abobo-Gare ni wọ́n ń pe ibi tí ibùdókọ̀ rẹ̀ wà.

Orí ìgbẹ́kẹ̀lé ni òwò àwìn dúró lé. Olówò ńlá á kó ọjà sílẹ̀, ẹlẹ́sọ́ọ̀bù á tà á, á sì dá owó padà bó bá ṣe ń rí i. Ìwé kékeré kan nínú dúrọ́ọ̀ ló ń sọ ẹni tó jẹ, iye tó jẹ àti ọjọ́ tó yẹ kó san. Kódà ẹni tó bá lẹ 'Àwìn ò sí lónìí, ẹ padà wá lọ́la' mọ́ ara ògiri, òun náà jẹ ẹlòmíràn lówó ọjà.

Ìgbẹ́kẹ̀lé yìí ṣiṣẹ́, àmọ́ ó rọrùn láti fọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia ní Ghana fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kúrò níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò Yorùbá ló lọ láì rí gbèsè tí àwọn èèyàn jẹ wọ́n gbà. Orúkọ wà nínú ìwé, iye wà níbẹ̀, àmọ́ ẹni tí yóò san án ti jìnnà.

Ọjọ́ tí gbèsè di ìlọ́po méjì

Ní oṣù kìíní ọdún 1994, wọ́n dín iye owó sẹ́fà kù sí ìdajì. Kí èyí tó ṣẹlẹ̀, 50 sẹ́fà ni wọ́n ń fi gba faransì Faransé kan. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó di 100.

Oníṣòwò Abidjan tó jẹ ẹni tó kó ọjà wá láti Yúróòpù ní owó faransì rí i pé gbèsè òun ti di ìlọ́po méjì ní sẹ́fà. Ẹni tó ti san tirẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú bọ́ nínú ewu náà. Mímọ gbèsè tó wà nílẹ̀, irú owó tí wọ́n fi kọ ọ́ àti ọjọ́ tó yẹ láti san án kì í ṣe iṣẹ́ akọ̀wé nìkan. Ó lè jẹ́ ohun tó máa gba òwò kan là.

Kí ni owó ilé ìwé fi hàn?

Orange ti gbé owó orí fóònù dé Côte d'Ivoire ní ìparí ọdún 2008, MTN sì tẹ̀lé e ní ọdún 2009. Lẹ́yìn rògbòdìyàn 2011 ni ìjọba fi í ṣe ohun ńlá àkọ́kọ́.

Iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ni kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama má ṣe máa kó owó ìforúkọsílẹ̀ wá sílé ìwé mọ́. Ṣáájú ìgbà náà, ìlà gígùn, olè lójú ọ̀nà àti owó tí kò dé ibi tó yẹ kó dé ló ń bá ìjọba àti àwọn òbí fínra. Ní ọdún 2014, nínú akẹ́kọ̀ọ́ bíi mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀, ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún ló san owó yìí láì fi owó bébà ṣe é, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì gba orí fóònù.

Ohun méjì ló jẹ́ kó ṣeé ṣe. Àkọ́kọ́, wọn kò gbé e fún iléeṣẹ́ fóònù kan ṣoṣo, nítorí ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Èkejì, akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́mbà tirẹ̀, owó tó bá wọlé sì ń lọ tààrà sórí nọ́mbà náà. Kò sí pé ẹnikẹ́ni ń wá ẹni tó san àti ẹni tí kò tíì san nínú ìwé.

Ní ọdún 2021, Wave, tó ti bẹ̀rẹ̀ ní Senegal, dé Côte d'Ivoire. Sẹ́fà kan nínú ọgọ́rùn-ún ló ń gbà lórí owó tí èèyàn bá fi ránṣẹ́, èyí sì mú kí àwọn tó kù dín iye tiwọn kù. Ní ọdún 2025, àjọ tó ń gba owó orí bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn iléeṣẹ́ lò ìwé owó ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí wọ́n ń pè ní 'facture normalisée électronique'. Ní ìparí oṣù kẹsàn-án ọdún náà, BCEAO ṣí ìlànà kan tó so báǹkì àti owó orí fóònù pọ̀ ní orílẹ̀èdè mẹ́jọ tó ń ná sẹ́fà rẹ̀.

Kí ló yẹ kí oníṣòwò rò kó tó gbé ẹ̀rọ wọlé?

Ohun àkọ́kọ́ ni láti ka iye tí ọ̀nà àtijọ́ ń náni. Ká ní iléeṣẹ́ kan ń gba ìwé owó ọjà 300 lóṣù, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń gba akọ̀wé ní ìṣẹ́jú 20. Wákàtí 100 nìyẹn. Tí ẹ̀rọ bá sọ ọ́ di ìṣẹ́jú márùn-ún, wákàtí 75 ló ṣẹ́ kù fún iṣẹ́ mìíràn. Kí ó fi owó tí wọ́n san lẹ́ẹ̀mejì ní àṣìṣe kún un, àti ẹ̀dínwó tó bọ́ nítorí pé wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó san.

Lẹ́yìn èyí, kí ó ka iye tí ọ̀nà tuntun yóò gbà. Ẹni tó ń san mílíọ̀nù mẹ́wàá sẹ́fà lóṣù, tó sì ń yọ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún fún ìfowóránṣẹ́, yóò san 100,000. Tí iye yìí bá ju ohun tó ń pàdánù tẹ́lẹ̀ lọ, kò tíì tó àkókò.

Ohun kejì ni pé kí ẹ̀rọ má ṣe san owó kankan àfi tí ìwé mẹ́ta bá bára mu: ìwé tí wọ́n fi béèrè ọjà, ìwé tó fi hàn pé ọjà náà dé, àti ìwé owó ọjà. Ẹni tó ń kọ orúkọ oníbàárà tuntun sínú ẹ̀rọ kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó ń fọwọ́ sí owó tí yóò jáde. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣe ni ẹ̀rọ yóò kàn máa mú kí jìbìtì yára.

Ohun kẹta ni ọ̀nà àbáyọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí náírà bébà ṣọ̀wọ́n ní Nàìjíríà nítorí pípààrọ̀ owó, gbogbo èèyàn sá lọ sórí fóònù, àmọ́ ọ̀pọ̀ owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ há sójú ọ̀nà. Ní Abidjan ọdún 2011, báǹkì ló tì. Ní Nàìjíríà, íntánẹ́ẹ̀tì àti ẹ̀rọ báǹkì ló kọ̀. Iléeṣẹ́ tó bá gbọ́n yóò ní ju ọ̀nà kan lọ, yóò sì ní ẹ̀dà àkọsílẹ̀ rẹ̀ níbi mìíràn.

Ta ni ẹlẹ́rìí lónìí?

Ètò ìkani ọdún 2021 fi hàn pé èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà 300 ló ń gbé ní Abobo. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣe òwò tí kò tó ẹni tó nílò ẹ̀rọ ńlá. Fún irú wọn, àtẹ̀jíṣẹ́ tó wọ fóònù ẹni tó san àti ti ẹni tó gbà ní ìṣẹ́jú kan náà ti tó láti bẹ̀rẹ̀.

Òfin OHADA, tó de àwọn oníṣòwò ní orílẹ̀èdè 17 nílẹ̀ Áfíríkà, ní kí wọ́n tọ́jú ìwé ìṣirò wọn fún ọdún mẹ́wàá. Àtẹ̀jíṣẹ́ tí èèyàn pa rẹ́ kò lè ṣe ẹlẹ́rìí. Nítorí náà, kí ẹlẹ́sọ́ọ̀bù tó ju ìwé inú dúrọ́ọ̀ nù, ó yẹ kó kọ́kọ́ mọ ibi tí àkọsílẹ̀ tuntun náà yóò máa gbé, àti ẹni tó lè ṣí i lọ́jọ́ tí òun kò bá sí nílé.