Canon J. J. Ransome-Kuti, Àlùfáà Olórin

Ẹni tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lọ́dún yìí kò jìnnà sí wa. Abẹ́òkúta tí àwa ará Ìbàràpá ti ń ra àdìrẹ ni wọ́n ti bí Josiah Jesse Kuti ní 1855. Ìyá rẹ̀ wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gba ìgbàgbọ́ níbẹ̀.

Iṣẹ́ tíṣà ló fi bẹ̀rẹ̀, ó sì kọ́ àwọn ọmọbìnrin lórin ní ilé ẹ̀kọ́ CMS ní Èkó. Ó di díákónì ní 1895, ó di àlùfáà ní 1897. Nígbà tó di 1922, wọ́n fi í jẹ Canon ní Kàtídírà tó wà ní Marina, l'Ékòó. Canon kì í ṣe olórí kàtídírà o. Provost, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Dean, ni olórí. Àwọn Canon ni wọ́n ń bá a gbìmọ̀.

Ṣùgbọ́n orin ló jẹ́ kí á máa rántí rẹ̀. Orin òyìnbó tí wọ́n túmọ̀ ni wọ́n ń kọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ohùn rẹ̀ a sì máa gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ wa ti ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀yin ọlọ́jà mọ̀ pé igba kì í ṣe igbá, igbá kì í sì í ṣe ìgbà. Ẹni tó bá ṣì í pè, ọjà dàrú nìyẹn! Àlùfáà yìí wá ń kọ orin tí ohùn rẹ̀ bá ọ̀rọ̀ Yorùbá mu, tí ìyá tí kò mọ̀wé lè gbọ́ yé. Ní 1922 kan náà, ó kọ orin 43 sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù fún ilé iṣẹ́ Zonophone ní London. Fẹlá tí gbogbo wa mọ̀, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni.

Ó kú ní September 1930. Israel ọmọ rẹ̀ ti fẹ́ Fúnmiláyọ̀ ní 1925, ìyẹn ìyá tó kó àwọn obìnrin ọlọ́jà Abẹ́òkúta jọ nítorí owó orí obìnrin. Ní 1947, wọ́n jókòó sí iwájú ààfin Aláké, orin ni wọ́n sì fi ń sọ ohun tó ń dùn wọ́n. Ìjọba dá owó orí náà dúró. Ní January 1949, Aláké Adémọ́lá fi ìtẹ́ sílẹ̀.