Hôtel Ivoire: Bí owó kòkó ṣe kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì tí àwọn ọmọdé ti ń yọ̀ lórí yìnyín ní Abidjan

Oòrùn Abidjan kì í ṣe ẹgbẹ́ yìnyín rárá. Síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún, hòtẹ́ẹ̀lì kan wà létí ọ̀sà Ébrié nílùú náà tí àwọn ọmọdé ti máa ń wọ bàtà onírin, tí wọ́n á sì máa yọ̀ lórí omi dídì bí ẹni pé ìlú òyìnbó ni wọ́n wà nígbà òtútù.

Hôtel Ivoire ni orúkọ rẹ̀. Nígbà tí ògo rẹ̀ ń tàn, ìdílé tó bá wọ̀ síbẹ̀ lè lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko láì wá nǹkan kan lọ sígboro. Ibi ìlúwẹ̀ẹ́ tó fẹ̀ bí adágún wà níbẹ̀. Sinimá wà, pápá tẹ́níìsì wà, ilé oúnjẹ wà, ṣọ́ọ̀bù ńlá wà. Bowling náà wà, níbi tí wọ́n ti ń yí bọ́ọ̀lù wúwo lulẹ̀ láti fi wó àwọn igi tí wọ́n tò sọ́ọ̀ọ́kán. Fún àwọn òbí tó fẹ́ jẹ̀gbádùn lálẹ́, kasínò wà.

Àmọ́ pápá yìnyín ni òkìkí rẹ̀ kàn jùlọ. Wọ́n máa ń pè é ní ẹyọ kan ṣoṣo irú rẹ̀ ní gbogbo Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà.

Báwo ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe dé orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira? Ta ló san owó rẹ̀? Kí ló sì dé tí hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n kọ́ fún ìgbádùn fi di ibi tí ìbọn ti dún lọ́dún 2004?

Hòtẹ́ẹ̀lì Monrovia ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀

Ọjọ́ keje oṣù Kẹjọ ọdún 1960 ni Côte d'Ivoire gba òmìnira lọ́wọ́ Faransé. Félix Houphouët-Boigny ló di Ààrẹ, ipò náà ló sì wà títí tó fi kú ní oṣù Kejìlá ọdún 1993.

Láyé ìgbà náà, orílẹ̀-èdè tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira máa ń wá hòtẹ́ẹ̀lì tí yóò gba àwọn àlejò pàtàkì sí. Gánà kọ́ Ambassador Hotel sí Accra fún òmìnira rẹ̀ lọ́dún 1957. Nàìjíríà náà kọ́ Federal Palace Hotel sí Èkó fún ayẹyẹ ọdún 1960. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, kò sì sí olórí tó fẹ́ kí àlejò òun wá fojú kéré òun.

Ní Làìbéríà, oníṣòwò ọmọ Ísírẹ́lì kan, Moshe Mayer, kọ́ Ducor Palace sórí òkè kan ní Monrovia. Alájà mẹ́jọ ni, ọdún 1960 ni wọ́n sì ṣí i. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé nígbà tí Houphouët-Boigny rí hòtẹ́ẹ̀lì yìí, ó wù ú, ló bá ní kí Mayer wá kọ́ irú rẹ̀ fún òun ní Abidjan. Ó tilẹ̀ fẹ́ kí tòun tóbi ju ti Monrovia lọ.

Cocody ni wọ́n ti rí ilẹ̀. Àdúgbò náà wà létí ọ̀sà, ó dojú kọ Plateau tó jẹ́ àárín ìṣòwò àti ibùdó ìjọba. Ààfin Ààrẹ tó ń gbé kò jìnnà síbẹ̀. Lọ́dún 1963, apá àkọ́kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì náà ṣí. Nígbà tí àwọn ọdún 1960 ń parí lọ, wọ́n fi ilé gogoro tó ga tó nǹkan bíi mítà 100 kún un. Títí di òní, ẹni tó bá dúró sí Plateau tó wo òdìkejì omi kò lè ṣàì rí i.

Ta ni Heinz Fenchel?

Àwọn ayàwòrán ilé méjì ló ya Hôtel Ivoire: Heinz Fenchel àti Thomas Leitersdorf, Ísírẹ́lì sì ni àwọn méjèèjì ti wá.

Ìtàn ayé Fenchel yàtọ̀. Ọdún 1906 ni wọ́n bí i ní Berlin, lórílẹ̀-èdè Jámánì. Kì í ṣe hòtẹ́ẹ̀lì ló fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Fíìmù ló ń ṣe. Òun ló máa ń ṣètò àwọn yàrá, òpópónà àti ààfin tí àwọn òṣèré ti ń ṣeré níwájú kámẹ́rà. Nígbà tí ìjọba Nazi gorí àlééfà, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lé àwọn Júù kúrò lẹ́nu iṣẹ́, kò rí ṣe mọ́. Lọ́dún 1937 ó kó lọ sí Palestine, níbẹ̀ ló ti di ayàwòrán ilé.

Ẹni tó bá mọ èyí yóò tètè rí ohun tí wọ́n ń ṣe ní Cocody. Ẹni tó ti fi pákó àti ọ̀dà kọ́ ayé fún fíìmù ni wọ́n gbé iṣẹ́ fún pé kó kọ́ ayé kan tí ènìyàn lè wọ inú rẹ̀ sùn. Omi yí ilé ká, ọgbà tẹ̀ lé omi, ọ̀nà ẹsẹ̀ sì gba àárín wọn kọjá. Bí àlejò bá ṣe ń rìn, bẹ́ẹ̀ ni ohun tuntun á máa yọ sí i. Lóde òní, àwọn hòtẹ́ẹ̀lì tó wà nítòsí ọgbà ìṣeré ńláńlá nílẹ̀ Amẹ́ríkà máa ń mú ìtàn kan, kí wọ́n tó wá kọ́ gbogbo ilé yí ìtàn náà ká. Ìtàn tí Hôtel Ivoire ń sọ ni pé ọ̀la ti dé sí Áfíríkà.

Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sórí hòtẹ́ẹ̀lì nìkan. Wọ́n ní ètò láti sọ etí ọ̀sà ní ìlà oòrùn Cocody di ìlú ìgbafẹ́ ńlá tí wọ́n pè ní Riviera Áfíríkà, pẹ̀lú àwọn hòtẹ́ẹ̀lì mìíràn àti pápá gọ́ọ̀fù. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n rí kọ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọ takisí ní Abidjan lónìí yóò ṣì gbọ́ tí wọ́n ń pe Riviera 2 àti Riviera 3. Orúkọ àlá yẹn ló kù.

Owó kòkó

Ẹnikẹ́ni tó bá mọ Cocoa House ní Ìbàdàn, tí wọ́n parí lọ́dún 1965, kò nílò àlàyé púpọ̀ nípa ibi tí owó ti wá. Bí àwọn àgbẹ̀ kòkó ilẹ̀ Yorùbá ṣe kọ́ ilé gogoro fún Ìbàdàn ni àwọn àgbẹ̀ kòkó àti kọfí Côte d'Ivoire ṣe gbé Abidjan ró.

Ìjọba ní àjọ kan tí wọ́n ń pè ní Caisse de stabilisation, tí àwọn ènìyàn gé kúrú sí Caistab. Àjọ yìí ló máa ń sọ iye tí wọ́n gbọ́dọ̀ ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀. Bí owó kòkó bá wọ́n lọ́jà àgbáyé, àgbẹ̀ kì í rí gbogbo rẹ̀. Èyí tó bá lé, àpò ìjọba ló ń lọ. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń mú owó ọ̀nà, owó ilé ìwé, owó afárá, àti owó hòtẹ́ẹ̀lì. Iléeṣẹ́ ìjọba kan ni Hôtel Ivoire wà lábẹ́ rẹ̀, nígbà tí InterContinental ti Amẹ́ríkà ń bá wọn ṣàkóso rẹ̀.

Ní ìparí àwọn ọdún 1970, Côte d'Ivoire kọjá Gánà, ó sì di orílẹ̀-èdè tó ń pèsè kòkó jùlọ lágbàáyé. Àwọn oníròyìn ń pe ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ní iṣẹ́ ìyanu. Iye àwọn ará Faransé tó ń gbé ibẹ̀, tí kò ju nǹkan bíi 10,000 lọ nígbà òmìnira, ti di nǹkan bíi 50,000. Ìdílé wọn wà lára àwọn tó máa ń kún Hôtel Ivoire lópin ọ̀sẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ńláńlá náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn, àti àwọn òṣìṣẹ́ Báńkì Ìdàgbàsókè Áfíríkà tí olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà nílùú náà.

Àwọn tó wà ní òdìkejì omi

Àwọn mìíràn wà tí wọ́n ń rí ilé gogoro náà lójoojúmọ́, àmọ́ tí wọn kì í wọ̀ síbẹ̀.

Àwọn àkọ́kọ́ ni ará Blockhauss, abúlé àwọn Ébrié tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì náà gan-an. Àwọn Ébrié ló ni ilẹ̀ kí Abidjan tó di ìlú ńlá. Odi kan ló wà láàárín abúlé apẹja àti adágún tí wọ́n fi ọwọ́ gbẹ́ fún àlejò.

Àwọn kejì ni àwọn àjèjì tó wá wá oúnjẹ òòjọ́. Lára wọn ni àwọn Yorùbá, pàápàá àwọn ọmọ Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí wọ́n ti ń lọ ṣòwò ní Abidjan láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn. Anàgó ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè wọ́n. Àwọn àdúgbò bíi Treichville àti Adjamé, tí ọjà ti ń hó yee, ni ọ̀pọ̀ wọn fìdí kalẹ̀ sí. Títí di òní, ẹni tó bá dé Èjìgbò lè gbọ́ èdè Faransé lẹ́nu àwọn tó ti ibẹ̀ dé.

Owó kòkó ló fa àwọn náà wá sí Abidjan, nítorí pé ìlú tí owó bá wà ni ọjà ti ń tà. Owó kan náà ló kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì tó wà ní Cocody. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ẹni tó ń ta ọjà nínú ìlú náà, ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń yọ̀ lórí yìnyín.

Nígbà tí kòkó já lulẹ̀

Yìnyín nílẹ̀ olóoru kì í dá dúró. Abẹ́ ilẹ̀ pápá náà ni wọ́n máa ń gba ọ̀pá tó ń gbé òtútù kọjá, ẹ̀rọ kò sì gbọdọ̀ sinmi tọ̀sán-tòru. Bí iná bá lọ fún ìgbà pípẹ́, omi lásán ni yóò kù.

Lọ́dún 1983 sí 1984, ọ̀dá dá, omi gbẹ nínú àwọn ìsédò tó ń pèsè iná mànàmáná, wọ́n sì ń pín iná lò ní Abidjan. Kété lẹ́yìn náà ni iye tí wọ́n ń ta kòkó lọ́jà àgbáyé já wálẹ̀. Lọ́dún 1987, ìjọba kéde pé òun kò lè san gbèsè mọ́. Ààrẹ kọ̀ láti ta kòkó ní owó pọ́ọ́kú, ó ń retí pé ọjà yóò gbé sókè. Ọjà kò gbé sókè. Nígbà tó yá, wọ́n gé owó tí wọ́n ń san fún àgbẹ̀ sí ìdajì.

Ní oṣù Kínní ọdún 1994, oṣù kan péré lẹ́yìn ikú Houphouët-Boigny, wọ́n dín iye owó CFA kù ní ìdajì sí ti Faransé. Ohun gbogbo tó ń ti òkè òkun wá gbówó lórí. Ohun èlò hòtẹ́ẹ̀lì olówó ńlá kò sì lè yọ ara rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìyẹn. Díẹ̀díẹ̀ ni Hôtel Ivoire ń gbó, tí àwọn ẹ̀rọ tó ń sọ omi di yìnyín náà sì dákẹ́.

Lẹ́yìn náà ni àwọn ológun gba ìjọba ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kejìlá ọdún 1999. Ogun abẹ́lé tẹ̀ lé e ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002, ó sì pín orílẹ̀-èdè náà sí méjì.

Ọjọ́ tí ìbọn dún níwájú hòtẹ́ẹ̀lì

Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kọkànlá ọdún 2004, ọkọ̀ òfurufú ìjọba Ààrẹ Laurent Gbagbo ju bọ́ǹbù sí àgọ́ àwọn ọmọ ogun Faransé ní Bouaké, ọmọ ogun mẹ́sàn-án sì kú. Faransé ba àwọn ọkọ̀ òfurufú ogun Côte d'Ivoire jẹ́. Ìlú Abidjan dàrú. Wọ́n ń lé àwọn òyìnbó kiri, wọ́n ń jó ilé ìwé àti ṣọ́ọ̀bù wọn.

Àwọn ọmọ ogun Faransé pàgọ́ sí Hôtel Ivoire, níbi tí wọ́n ti ń kó àwọn àjèjì jáde. Ṣùgbọ́n ilé Ààrẹ Gbagbo wà nítòsí. Ìròyìn tàn káàkiri pé wọ́n fẹ́ wá yọ ọ́ nípò ni, ọ̀pọ̀ ènìyàn bá ya síwájú hòtẹ́ẹ̀lì náà láti dá wọn dúró. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù náà, àwọn ọmọ ogun Faransé yìnbọn, ènìyàn sì kú. Ìjọba méjèèjì kò fẹnu kò lórí iye ẹni tó kú níbẹ̀ àti ní àwọn ibòmíràn láwọn ọjọ́ yẹn.

Ó ti lé ní ogójì ọdún nígbà náà tí àwọn ọmọ Faransé ti ń wá ṣeré níbẹ̀. Odi tó ya àwọn tó wà nínú sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tó wà níta, tí àwọn kan kò kíyè sí tẹ́lẹ̀, ti wá hàn sí gbogbo ayé.

Kí ló kù lónìí?

Rògbòdìyàn mìíràn tún bẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ìdìbò ọdún 2010, nǹkan bíi 3,000 ènìyàn ló sì bá a lọ. Lẹ́yìn tó rọlẹ̀ lọ́dún 2011, hòtẹ́ẹ̀lì náà padà ṣí lẹ́yìn àtúnṣe, lábẹ́ orúkọ Sofitel Abidjan Hôtel Ivoire. Omi padà sí ibi ìlúwẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn olórí orílẹ̀-èdè sì tún ń ṣèpàdé níbẹ̀. Ó sàn fún un ju Ducor ti Monrovia lọ, èyí tí wọ́n tì lọ́dún 1989, tí ogun sì sọ di ahoro.

Ó ní ohun tí ìtàn yìí kọ́ àwọn ìjọba tó ṣì ń kọ́ ibi ìgbafẹ́ ńláńlá kiri ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Kò burú láti kọ́ ibi tí ọmọdé yóò ti ṣeré. Hôtel Ivoire fi hàn pé ó ṣeé ṣe, ó sì mú inú ọ̀pọ̀ ìdílé dùn. Ohun tó ṣòro ni kí iná má lọ, kí ìlú tòrò, kí àgbẹ̀ tó ń san owó náà sì lè mú ọmọ tirẹ̀ wá síbẹ̀.

Ilé gogoro náà ṣì dúró létí ọ̀sà. Blockhauss náà ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.