Kíkà àti Gbígbá: Ọ̀nà Méjì tí Kọ̀ǹpútà Fi Ń Tún Ilé Rẹ̀ Ṣe

Àwọn èdè tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà ní ìtàn tiwọn. Ìbéèrè kan ni a ó gbé yẹ̀wò lónìí: báwo ni kọ̀ǹpútà ṣe ń mọ̀ pé nǹkan kan kò wúlò mọ́, kí ó lè gba ààyè rẹ̀ padà?

Ní oṣù Kẹrin ọdún 1960, John McCarthy ti MIT ní Amẹ́ríkà tẹ àpilẹ̀kọ lórí èdè Lisp jáde. Nǹkan bí 15,000 ààyè ìrántí ni ó ṣófo fún un ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá tán, ẹ̀rọ á dá iṣẹ́ dúró. Á ti gbòǹgbò ètò náà tọ gbogbo ìtọ́ka lọ, èyíinì ni okùn tí ó so nǹkan kan mọ́ òmíràn, á sì sàmì sí ohun gbogbo tí ó bá bá pàdé. Èyí tí kò bá ní àmì di pàǹtí. Gbígbá nìyẹn.

Ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà, George Collins dábàá kíkà. Ti iye ni mo wí, kì í ṣe ti ìwé. Ní ṣókí, a ń ka iye okùn tí ó so mọ́ nǹkan kọ̀ọ̀kan. Bí iye náà bá di òdo, a gba ààyè rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní 1963, J. Harold McBeth tọ́ka sí àbùkù kan: bí nǹkan méjì bá so mọ́ ara wọn, iye wọn kò ní di òdo láé, bí ẹlòmíràn kò tilẹ̀ nílò wọn mọ́. Wọ́n dà bí ajigbèsè méjì tí ó ṣe onídùúró fún ara wọn.

Gbígbá náà ní àléébù tirẹ̀. Ìgbà tí ààyè ìrántí bá ń tán ni ó sábà máa ń dé. Fáìlì tí a ṣí sílẹ̀ lè pọ̀ jù kí ó tó débẹ̀. Ìdí nìyí tí Java fi pèsè ọ̀nà títi fáìlì lásìkò ní 2011, tí ó sì kìlọ̀ ní 2017 pé kí a má gbẹ́kẹ̀ lé agbálẹ̀ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Igi kan kì í dá igbó ṣe. Kíkà ni Python ń lò, ṣùgbọ́n láti ọdún 2000 ni ó ti ní agbálẹ̀ tí ń wá àwọn onídùúró ara wọn kiri. Iye àwọn tí ó dì wá mú kò tó ẹ̀rí pé a wúlò. Okùn tí ó dé gbòǹgbò ni ẹ̀rí.