Ìtàn Aago Èkó Nínú Kóòdù Kọ̀ǹpútà

Ní Pápá Àjàó, ní Múṣin, bí ó ti rí ní gbogbo ibi tí wọ́n ti ń lo aago Èkó, àṣìṣe kan wà tó máa ń dààmú àwọn tó ń kọ kóòdù fún íntánẹ́ẹ̀tì: oníbàárà yan ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2024, ṣùgbọ́n ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 2023 ló wọ inú àkọsílẹ̀. JavaScript, èdè kọ̀ǹpútà tí Brendan Eich ṣẹ̀dá ní ọdún 1995, ní Date, tí kì í tọ́jú ọjọ́ láìfi wákàtí sí i. Bí wọ́n bá kọ new Date(2024, 0, 1), níbi tí òdo ti dúró fún oṣù kìíní, aago méjìlá òru Èkó ló túmọ̀ sí. Bí àṣẹ toISOString bá wá yí i sí UTC, aago tí gbogbo ayé fi ń ṣe òdiwọ̀n, wákàtí kan á yọ kúrò, ọjọ́ náà á sì bọ́ sí aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú.

Wákàtí kan yìí ní ìtàn. Kí ọdún 1905 tó dé, oòrùn ni Èkó fi ń mọ àkókò, aago rẹ̀ sì fi ìṣẹ́jú 13 àti ìṣẹ́jú àáyá 35 ṣíwájú ti Greenwich ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọjọ́ 1 oṣù keje ọdún náà, wọ́n gba aago Greenwich. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta géérégé, wọ́n padà sí ti oòrùn. Ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 1914, tí Lugard, gómìnà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, so Gúúsù Nàìjíríà pọ̀ mọ́ Àríwá, ni aago Èkó fi ààbọ̀ wákàtí ṣíwájú, ó sì di wákàtí kan ní ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án ọdún 1919. Gbogbo rẹ̀ ló wà lábẹ́ orúkọ Africa/Lagos nínú àkójọ aago ayé tí Arthur David Olson bẹ̀rẹ̀, tí kọ̀ǹpútà àti fóònù ń kà. Nítorí náà, ẹni tó bá béèrè aago méjìlá òru ọjọ́ ìsopọ̀ náà lọ́wọ́ kóòdù, aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú 16 àti ìṣẹ́jú àáyá 25 ni yóò bá, nítorí pé wọ́n fo ìwọ̀nba àkókò yẹn ní Èkó. Kóòdù kò ṣìnà níbẹ̀ rárá. Ohun tí ìjọba ṣe ló ń sọ.

Ọ̀nà mìíràn tí àṣìṣe ń gbà wọlé ni kíkà. Yorùbá a máa ka ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ mọ́ iye: òní, àná, ìjẹta, òní sì ti wà nínú ẹ̀ta náà. Bákan náà ni ọjà ọrún, tó ń padà bọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 4. Ètò ìṣirò tó dúró ṣinṣin nìyí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi 5 kún ọjọ́ ọjà nínú kóòdù, bí ó bá ṣe é lẹ́ẹ̀mẹrin, odindi ọjà kan ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Temporal, ohun èlò tuntun tí wọ́n ṣe fún JavaScript, ní PlainDate, tó ń tọ́jú ọdún, oṣù àti ọjọ́ nìkan láìní wákàtí, tí oṣù kìíní sì ń jẹ́ 1 nínú rẹ̀; ọjọ́ tí oníbàárà Pápá Àjàó yàn gan-an ni yóò dúró níbẹ̀.