Ta Ni Ó Ni Ère Tí Ó Wà Ní Ojúde Mẹ̀kúnnù?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni à á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí ó ti rí fún orúkọ ọmọ, bẹ́ẹ̀ náà ni mo rò pé ó yẹ kí ó rí fún iṣẹ́ ọnà tí ìjọba bá fẹ́ fi ṣe ilé àwọn mẹ̀kúnnù lọ́ṣọ̀ọ́. Nínú ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí, ìlú méjì ni mo mú: Lọ́ńdọ̀nù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti Los Angeles ní Amẹ́ríkà. Ìlú méjèèjì kọ́ ilé tí owó rẹ̀ kò ga jù fún àwọn tálákà wọn, iṣẹ́ ọnà sì wà ní ilé méjèèjì. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí iṣẹ́ náà gbà débẹ̀ kò rí bákan náà. Èyí ni ó mú mi béèrè pé: bí a bá gbé ère kalẹ̀ sí ojúde tálákà, ta ni ó ni ín?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà Ogun Hítílà, bọ́ǹbù wó ilé púpọ̀ ní apá ìlà-oòrùn ìlú náà. Nígbà tí ogun parí, ìgbìmọ̀ tí ń ṣe àkóso ìlú, London County Council, bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ilé kí àwọn òṣìṣẹ́ lè rí ibi forí pamọ́ sí. Ní ọdún 1956, ìgbìmọ̀ yìí kan náà rò ó pé òrùlé nìkan kò tó ènìyàn. Wọ́n pinnu láti máa ya owó tí ó tó £20,000 sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún iṣẹ́ ọnà tí a ó gbé sí àárín ilé tí wọ́n kọ́, sí ilé-ẹ̀kọ́ àti sí ọgbà ìgbafẹ́. Báyìí ni ère àwọn aládùúgbò méjì tí Siegfried Charoux ṣe fi dé Highbury Quadrant ní 1959, tí akọ màlúù onídẹ tí Robert Clatworthy ṣe sì dé Roehampton ní 1961.

Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ ni ère obìnrin kan tí ó jókòó, tí aṣọ bò ó lára, iṣẹ́ Henry Moore. Nígbà ogun, Moore ti ya àwòrán àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n sá wọ ibùdókọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ nítorí bọ́ǹbù, tí wọ́n fi kúbùsù bora. Irú aṣọ ìbora bẹ́ẹ̀ ni a tún rí lára obìnrin onídẹ yìí. Moore ta ère náà fún ìgbìmọ̀ ní iye tí ó kéré sí ohun tí ọjà yóò san, nítorí ó fẹ́ kí ó wà níbi tí gbogbo ènìyàn yóò ti máa rí i. Ní 1962 wọ́n gbé e sí Stifford Estate ní Stepney, láàárín àwọn ilé gogoro.

N kò rí i kà níbìkankan pé a pe àwọn ayálégbé jọ láti bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n fẹ́ ẹ tàbí wọn kò fẹ́ ẹ. Síbẹ̀, àwọn ni wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Wọ́n ń pè é ní Old Flo, bí ẹni ń pe ìyá àgbà kan ní ojúlé kejì. Àwọn ọmọ wọn ń gun itan rẹ̀ ṣeré.

Ní 1997 ni a wó ilé Stifford. Àwọn ayálégbé fọ́n ká, a sì gbé Old Flo lọ sí ọgbà ère kan ní Yorkshire, ibi tí ó jìnnà réré sí Stepney. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí ó di 2012, owó wọ́n àwọn alákòóso Tower Hamlets, wọ́n sì fẹ́ tà á. Wọ́n ní ó lè tó £20,000,000. Ariwo ta. Ọmọbìnrin Moore wà lára àwọn tí wọ́n kọ̀wé pé kí wọ́n má tà á. Bromley, tí òun náà jẹ́ apá kan ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ní tòun ni ère náà, nítorí London County Council ti kógbá sílé láti 1965, ẹrù rẹ̀ sì ti gba ọwọ́ dé ọwọ́. Ní 2015 ilé-ẹjọ́ gíga dá ẹjọ́ pé ti Tower Hamlets ni, nítorí ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é bí ohun ìní wọn. Méyọ̀ tuntun tí ó dé ní ọdún yẹn kan náà ní òun kò ní tà á. Ní 2017 Old Flo padà sí ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n Canary Wharf ni wọ́n gbé e sí, láàárín ilé àwọn báńkì ńláńlá.

Ẹ kíyè sí i: nínú gbogbo àríyànjiyàn yìí, ìgbìmọ̀ méjì ni ilé-ẹjọ́ ń bi léèrè. Àwọn tí wọ́n sọ ère lórúkọ kò ní àyè kankan nínú ẹjọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí a wá kọjá sí Los Angeles. Estrada Courts jẹ́ ilé tí ìjọba ìlú náà bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ nígbà ogun kan náà, ní Boyle Heights. Àwọn tí ìran wọn ti Mẹ́síkò wá, tí wọ́n ń pe ara wọn ní Chicano, ni wọ́n pọ̀ níbẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn jàǹdùkú ń kọ orúkọ wọn sára ògiri. Láti 1973, oníṣọ̀nà kan, Charles Felix, kó àwọn ayálégbé àti àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò jọ, ó sì fi iṣẹ́ ọ̀dà lé wọn lọ́wọ́. Àwọn oníṣọ̀nà mìíràn wá bá wọn. Kí ọdún díẹ̀ tó kọjá, àwòrán tí ó wà lára ògiri wọn ti lé ní ọgọ́rin. Màríà Wúńdíá ti Guadalupe wà níbẹ̀. Iṣẹ́ Willie Herrón àti Gronk wà níbẹ̀, ní dúdú àti funfun, fún ìrántí ìwọ́de 29 Oṣù Kẹjọ 1970 tí àwọn Chicano ṣe lòdì sí ogun Fẹtinámù, ọjọ́ tí akọ̀ròyìn Ruben Salazar kú. Ní 1978 àwọn oníṣọ̀nà láti San Diego fi ojú Che Guevara sí ògiri kan, ó na ìka sí ẹni tí ń kọjá, wọ́n sì kọ ọ́ sí i pé àwọn kì í ṣe ẹ̀yà kékeré.

N kò sọ pé Los Angeles ṣe é tán pátápátá. Oòrùn ń ṣá ọ̀dà, idẹ kì í tètè bàjẹ́. Ìjọba ni ó sì ni ògiri náà, kì í ṣe ayálégbé. Bẹ́ẹ̀ ni n kò fi ìgbìmọ̀ Lọ́ńdọ̀nù ṣe ẹlẹ́yà, nítorí ohun iyì ni kí a gbà pé ohun tí ó dára jù lọ tọ́ sí tálákà. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà tí n kò lè fojú fò dá. A lè fi ọkọ̀ gbé Old Flo lọ kí àdúgbò sì dákẹ́, nítorí ẹ̀bùn ni, ẹni tí ó fúnni sì lè gbà á padà. Àwòrán Estrada Courts wà lára ilé fúnra rẹ̀, àwọn tí wọ́n yà á sì lè fi ìka tọ́ka sí ibi tí ọwọ́ tiwọn kàn.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ni ó ti gbé irú ilé ìjọba bẹ́ẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Peckham àti ní ibòmíràn, a sì ń kọ́ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ tiwa. Ní tèmi, kí a tó fún oníṣọ̀nà ní owó, ìbéèrè mẹ́ta ni ó yẹ kí a dáhùn ní gbangba. Ta ni a bi léèrè? Ọwọ́ ta ni yóò wà nínú iṣẹ́ náà? Bí a bá sì wó ilé lọ́la, níbo ni iṣẹ́ náà yóò lọ, ta ni yóò sì pinnu? Kí a kọ ìdáhùn ẹ̀kẹta sínú ìwé àdéhùn, kí orúkọ àwọn ayálégbé sì wà níbẹ̀. Ìfẹ́ tí ará Stepney ní sí Old Flo kò kéré, ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́ kì í ka ìfẹ́. Ìwé ni ó ń kà.