Owó Fàdákà Ìrántí Òlíḿpíìkì Montreal

Owó fàdákà ìrántí Òlíḿpíìkì Montreal ni ọ̀wọ́ owó ẹyọ 28 tí ìjọba Kánádà rọ láàárín 1973 sí 1976, kí wọ́n lè rówó gbọ́ bùkátà ìdíje Òlíḿpíìkì 1976. Ìpele méje ni. Dọ́là 5 méjì àti dọ́là 10 méjì ló wà nínú ìpele kọ̀ọ̀kan. Orí Ọbabìnrin Elizabeth Kejì wà lójú kan gbogbo wọn. Ọ̀pọ̀ ti di ogún báyìí, àwọn ajogún sì máa ń béèrè ohun tó sọ fàdákà funfun di aláwọ̀ mèremère tàbí dúdú, àti iye tó tó.

Àwọ̀ ojú owó

Fàdákà kì í dípẹtà bí irin. Imí ọjọ́ inú afẹ́fẹ́, inú páálí àti inú rọ́bà ló ń bá a pàdé, tí wọ́n á para pọ̀ di awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí iná bá tàn sí i, ìmọ́lẹ̀ kan á ta padà láti òkè awọ yìí, òmíràn á ta padà láti ara fàdákà nísàlẹ̀. Bí méjèèjì bá pàdé, àwọ̀ kan á pa, òmíràn á yọ. Bí awọ náà ṣe nípọn tó ló ń pinnu ohun tí ojú ń rí: pupa rúsúrúsú ló máa ń kọ́kọ́ jẹ́, á di elésè àlùkò, á di aró, kó tó dúdú kirikiri. Ẹni tó bá gbé dọ́là 10 tó ti pẹ́ nínú àpótí sábẹ́ iná, tó rọra ń yí i, lè rí aró létí rẹ̀, pupa rúsúrúsú láàárín, àti funfun díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ irun ọbabìnrin.

Ara fàdákà fúnra rẹ̀ ló di awọ yìí. Ẹni tó bá fi eérú tàbí ọṣẹ ìfọyín bó o, fàdákà ló ń bó, ìlà wẹ́wẹ́ tó bá sì kù sójú owó kò ní lọ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ̀ ọ́. Ohun tó yẹ kó kúrò ni ọ̀rá aláwọ̀ ewé tí àpò ike PVC ń fi sílẹ̀. Ásítóònù a máa yọ ọ́ láì kan fàdákà.

Ẹnu kò kò lórí bóyá àwọ̀ ń bù kún iye. Àwọn kan a máa san owó gọbọi lórí owó tó ní àwọ̀ òṣùmàrè. Àwọn mìíràn ní ìbàjẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni. Àwọn kan sì ń fi iná tàbí kẹ́míkà pa owó láró, débi pé PCGS àti NGC, tó ń díwọ̀n owó ẹyọ, kì í fún èyí tí àwọ̀ rẹ̀ bá mú ìfura wá ní òǹkà ipò. Ó jọ pé àwọ̀ lè gbé owó kan níyì, ṣùgbọ́n kò dájú pé ó ń gbé odindi ọ̀wọ́ níyì.

Iye

Ìwọ̀n fàdákà ló sábà máa ń pinnu rẹ̀. Dọ́là 5 wọn gíráàmù 24.3, dọ́là 10 wọn 48.6, 925 nínú 1000 jẹ́ fàdákà, bàbà ni ìyókù. Fàdákà gidi inú gbogbo 28 náà tó gíráàmù 944, bí áúnsì 30.35 lórí òṣùwọ̀n oníwúrà. Dọ́là Kánádà 210 péré ni iye tí wọ́n kọ sára wọn. Dọ́là 10 tó ní àwòrán ayé, tí 1974 wà lára rẹ̀ dípò 1973, ṣọ̀wọ́n.

Ìtàn

Nàìjíríà wà lára orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó lé ní 20 tó kọ ìdíje náà sílẹ̀, torí pé wọ́n gba New Zealand láyè lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ rọ́gíbì rẹ̀ lọ ṣeré ní South Africa. Ní January 1980, fàdákà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó dọ́là Amẹ́ríkà 50 lórí áúnsì kan, ọ̀pọ̀ owó fàdákà sì wọ iná àwọn tó ń yọ́ ọ.