Aina Onabolu, olùkọ́ àwọn ayàwòrán

Àwọn ọmọ wa ní Clonsilla níbí mọ orúkọ àwọn ayàwòrán Yúróòpù dáadáa. Èmi a máa sọ fún wọn nípa Aina Onabolu, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n bí ní 1882. Àwọn òyìnbó kan ní Èkó gbà pé aláwọ̀ dúdú ò lè ya ojú ènìyàn kó jọ ọ́. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì dá wọn lóhùn: ní 1906 ó ya Ìyáàfin Spencer Savage, kó tó wọ ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà kankan rárá. Ó di 1920 kó tó lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní London.

Nígbà tó padà dé, ó ń ti ilé ẹ̀kọ́ kan bọ́ sí òmíràn, ó ń kọ́ àwọn ọmọ bí ohun tó jìnnà ṣe ń kéré lójú. Òun ló rọ ìjọba kí wọ́n wá olùkọ́ kún un, Kenneth Murray sì dé ní 1927. Ẹ gbọ́ nǹkan: òyìnbó yìí ní kí àwọn ọmọ má fara wé Yúróòpù! Èmi ò bá Murray jà, àmọ́ Onabolu ni mo gbè. Ben Enwonwu, akẹ́kọ̀ọ́ Murray, ló padà ṣe ère Ọbabìnrin Elizabeth. Onabolu ṣì wà láyé nígbà yẹn, 1963 ló tó kú.